Laptop tàbí desktop: ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí iná yóò ti máa wá

Màmá kan tó ń ta ata ní ọjà Bódìjà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ rẹ̀ obìnrin tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ilé-ẹ̀kọ́ gíga wọ̀, wọ́n sì ti sọ fún wọn pé kí kálukú ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Màmá tú ìṣẹ́tí ìró, ó yọ owó tí ó fi ọ̀rá dì, ó gbé e sórí tábìlì mi. Ó ní, “Ìyá Kọ̀ǹpútà, ẹ bá mi dá sí i. Àbúrò bàbá rẹ̀ ní desktop ni kí n rà, pé òun ló máa ń pẹ́. Ọmọ fúnra rẹ̀ ní àfi laptop. Èmi ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo ní nìyí, kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.”

N kò tíì fọwọ́ kan owó náà. Mo kọjú sí ọmọ, mo ní, “Níbo lo máa gbé?” Ó ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ni, àwọn mẹ́fà nínú yàrá kan. “Sọ́kẹ́ẹ̀tì mélòó ló wà níbẹ̀?” Méjì. “Iná ńkọ́?” Ó ní aago méje alẹ́ ni wọ́n máa ń tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n á sì pa á ní mọ́kànlá. Mo bá sọ fún màmá pé laptop ni. Ó yà á lẹ́nu pé n kò tíì béèrè iye tó wà nínú ọ̀rá.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Láti 2006 ni mo ti ń tẹ̀wé fún owó ní agbègbè Sáńgò, ní Ìbàdàn níbí. Mo ti lo desktop tó ń mú yàrá gbóná bí ààrò, mo sì ti lo laptop tí bátìrì rẹ̀ wú bí àkàrà nínú epo. N kì í ta kọ̀ǹpútà. Bí ẹ ra èyí tàbí ìyẹn, kọ́bọ̀ kan kò wọ àpò mi. Ohun tó ń dùn mí ni bí mo ṣe ń rí òbí tó kó owó ọjà lé ohun tí ọmọ kò ní rí lò, àti ọ̀dọ́ tó fi owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ra ohun tí yóò bàjẹ́ kí iṣẹ́ náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó rí owó yẹn. Ó yẹ kí ẹnì kan jókòó tì wọ́n kí wọ́n tó ná an.

Ìbéèrè méjì ni mo máa ń bi wọ́n. Ṣé ojú kan ni iṣẹ́ yóò ti máa wáyé, àbí ẹ ó máa gbé e rìn? Iná wo ni yóò sì máa jẹ? Ẹ má tíì dárúkọ owó, ẹ má sì tíì dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Bí ẹ bá ti dáhùn méjèèjì láìtan ara yín, ó kù díẹ̀ kí ẹ débẹ̀.

Iná

Desktop kò ní bátìrì nínú. Bí iná bá lọ, òun náà bá a lọ. Ọdún 2011 ni mo mọ ohun tí ìyẹn lè dá sílẹ̀. Ọmọkùnrin kan gbé prọ́jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá pé kí n bá òun tẹ̀ ẹ́, ọjọ́ kejì ló gbọ́dọ̀ fi lé olùkọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Mo ti bá orí kẹrin dé ojú-ìwé kẹtàdínlógójì. UPS, ìyẹn àpótí bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà fún ìgbà díẹ̀ bí iná bá lọ, wà lábẹ́ tábìlì, iná rẹ̀ ń tàn, ọkàn mi balẹ̀. Iná lọ. UPS ké lẹ́ẹ̀kan péré, ojú mọ́nítọ̀ sì ṣú. Bátìrì inú rẹ̀ ti kú láìjẹ́ pé mo mọ̀, nítorí láti ọdún mẹ́ta tí mo ti rà á, n kò dán an wò lọ́jọ́ kan. Ojú-ìwé kẹsàn-án ni mo ti fi iṣẹ́ náà pamọ́ kẹ́yìn. A tan jẹnẹrétọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ọmọ náà kò bínú sí mi. Ó fa àga tì mí, ó ń ka ìwé náà sí mi létí kí ọwọ́ mi lè yá, títí wọ́n fi pe ìrun ìdájí.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra desktop, kí ó ka owó UPS mọ́ owó desktop. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ ó rà á tó bá di oṣù tó ń bọ̀. UPS kékeré, 650VA, lè gbé desktop kan àti mọ́nítọ̀ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ fi iṣẹ́ pamọ́ kí ẹ sì pa á dáadáa ni. Kì í ṣe ohun tí a fi ń bá iṣẹ́ lọ. Bátìrì inú rẹ̀ máa ń rẹ̀ láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta, wọ́n sì ń ta òun nìkan lọ́tọ̀, ẹ kò ní láti ra UPS mìíràn. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, nígbà tí kò sí iṣẹ́ kankan lójú rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná kí ẹ wò ó bóyá yóò dúró. Ìṣẹ́jú kan péré ni, ì bá gba òru ọjọ́ kan là fún mi.

Laptop ní tirẹ̀, UPS wà nínú rẹ̀. Iná lè lọ kó dé nígbà mẹ́wàá, ẹ lè máà mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ohun tí wọ́n ń jẹ. Desktop ọ́fíìsì àti mọ́nítọ̀ rẹ̀ máa ń jẹ bíi 120 wọ́ọ̀tì nígbà iṣẹ́. Laptop fún irú iṣẹ́ kan náà máa ń jẹ bíi 40. Bí a bá lò wọ́n fún wákàtí mẹ́jọ, desktop ti jẹ yúnìtì kan (ìyẹn 1,000 wọ́ọ̀tì fún wákàtí kan) ku díẹ̀, laptop jẹ bí ìdámẹ́ta yúnìtì. Ní April 2024, nígbà tí wọ́n gbé owó iná Band A sí ₦225 fún yúnìtì kan, desktop yẹn á jẹ ₦216 lóòjọ́, laptop á jẹ ₦72. Ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tó ń lé èèyàn kúrò nídìí iṣẹ́. Ìgbà tí iná ìjọba bá lọ ni ìyàtọ̀ tòótọ́ ń yọjú.

Ẹ mú inverter kékeré kan tó ní bátìrì olómi kan ṣoṣo, ti 12 fólítì, 200Ah. Lórí ìwé, agbára inú rẹ̀ jẹ́ 2,400 wọ́ọ̀tì fún wákàtí kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí bátìrì olómi pẹ́ kì í fà á ju ìdajì lọ, inverter náà á sì bù díẹ̀ jẹ lójú ọ̀nà. Ohun tó kù fún iṣẹ́ kò ju bí 1,000 lọ. Desktop kan á lo ìyẹn fún bíi wákàtí mẹ́jọ. Desktop mẹ́rin á lò ó tán láàárín wákàtí méjì. Laptop mẹ́rin á lò ó fún wákàtí mẹ́fà. Bí sólà bá wà lórí òrùlé yín, ìṣirò kan náà ni: ẹni tó ń lo laptop kò nílò pánẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ tó ti ẹni tó ń lo desktop.

Ẹni tó bá gbójú lé jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé ohun tí ojú wa rí. Kí oṣù May 2023 tó parí, lítà epo kan kò tó ₦200. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,000. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí mo fi ń gbé desktop mẹ́rin láti àárọ̀ di alẹ́ wá di ohun tí mo ń wò tìfura-tìfura kí n tó fa okùn rẹ̀. Iná rẹ̀ kì í sì dúró lójú kan. Ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Power pack desktop, ìyẹn àpótí inú rẹ̀ tó ń gba iná wọlé, mẹ́ta ló jóná mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ìgbà òjò kan ṣoṣo. Ṣájà laptop kì í tètè jóná bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló kọ 100–240V síbẹ̀, ìyẹn ni pé bí iná bá lọ sílẹ̀ díẹ̀, á ṣì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá ka ibi tí mo kọ̀wé dé yìí, ẹ ó rò pé laptop ni mo fẹ́ kí gbogbo ayé rà. Ó tì o.

Ibi tí ọwọ́ púpọ̀ ti ń kan ẹ̀rọ

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ṣí ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀ ní 2019. Nítorí ọ̀rọ̀ iná tí mo sọ yìí, laptop mẹ́rin ló rà. Inú rẹ̀ dùn, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí wáyà kankan nílẹ̀. Kí ọdún méjì tó pé, lẹ́tà E kò ṣiṣẹ́ mọ́ lórí ọ̀kan, tíì ti dà sí òmíràn, ẹ̀kẹta ti ya níbi tí ojú rẹ̀ ti so mọ́ ara rẹ̀ nítorí pé àwọn ọmọ iṣẹ́ ń fi ọwọ́ kan ṣí i. Láti pààrọ̀ kíbọ́ọ̀dù ọ̀pọ̀ laptop, àfi kí wọ́n tú inú rẹ̀. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe, ọjọ́ mẹ́fà ni kò fi rí i. Oníbàárà kì í dúró de ọjọ́ mẹ́fà.

Ní ṣọ́ọ̀bù mi, kíbọ́ọ̀dù tó bàjẹ́ kì í gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Mo ní méjì nínú àpótí. Mo yọ èyí, mo ki ìyẹn bọ̀ ọ́, a ń bá iṣẹ́ lọ. Mouse kú, bákan náà. Mọ́nítọ̀ fọ́, a gbé ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ síbẹ̀. Power pack jóná, ọmọ tó ń bá mi tún un ṣe á dé kí ọ̀sán tó pọ́n. Ohun tí desktop fi ju laptop lọ nìyí: apá tó bàjẹ́ nìkan lẹ ó pààrọ̀. Ní ti laptop, bí apá kan bá bàjẹ́, odindi rẹ̀ ni ẹ ó sábà gbé lọ fún àtúnṣe. Nítorí náà, bí ọwọ́ tó ń kan ẹ̀rọ bá ju ti ẹyọ ẹnì kan lọ, bí ṣọ́ọ̀bù bá wà lójú kan, bí ẹ bá sì ti wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ iná, desktop ni kí ẹ rà.

Nǹkan kékeré kan wà tó ṣe pàtàkì sí èmi tí mò ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú àti ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì ní Yorùbá. Kíbọ́ọ̀dù desktop ní àwọn nọ́ńbà lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí mo bá di Alt mú nínú Word, tí mo tẹ 7865 níbẹ̀, ẹ á jáde. 7885 á mú ọ jáde, 7779 á mú ṣ jáde. Àwọn nọ́ńbà tó wà lókè kíbọ́ọ̀dù kò lè ṣe é, ọ̀pọ̀ laptop kékeré kò sì ní ti ẹ̀gbẹ́ yẹn. Èmi kò lè gbà kí wọ́n sin bàbá ẹnì kan kí orúkọ rẹ̀ máà ní àmì lórí. Ẹni tó bá ti ní laptop lè ra kíbọ́ọ̀dù ńlá kó kì í bọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn yín á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín bí ẹ bá fi ìwé díẹ̀ gbé laptop náà sókè kó tó ojú yín, nítorí ẹni tó ń tẹ orí ba wo laptop láti àárọ̀ di alẹ́, ọrùn ló máa sọ fún un.

Ohun tí mò ń lò ní ṣọ́ọ̀bù báyìí wà láàárín méjèèjì. Àwọn desktop kan wà tí wọn kò ju Bíbélì ńlá lọ. Dell ń pe tirẹ̀ ní OptiPlex Micro, HP ń pe tirẹ̀ ní EliteDesk Mini, Lenovo ń pe tirẹ̀ ní ThinkCentre Tiny. Àwọn ọ́fíìsì òkè òkun ló ń lò wọ́n, kí wọ́n tó di tòkunbọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣájà bíi ti laptop ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Ẹ wo orúkọ ọpọlọ rẹ̀, ìyẹn processor: bí lẹ́tà T bá wà níparí, bíi i5-8500T, a jẹ́ pé èyí tí wọ́n ṣe kó má jẹ iná púpọ̀ ni, 35 wọ́ọ̀tì ni wọ́n ṣírò rẹ̀ sí. Pẹ̀lú mọ́nítọ̀, ọ̀kan nínú tèmi kì í sábà ju 50 wọ́ọ̀tì lọ nígbà tí a bá ń tẹ̀wé. Mẹ́ta ni mo ní, inverter mi ń gbé gbogbo wọn, kíbọ́ọ̀dù wọn sì ṣeé pààrọ̀. Ibi tó kù sí ni pé kò sí àyè fún káàdì ńlá tí àwọn tó ń ṣe fídíò fẹ́ràn, kò sì ní bátìrì, nítorí náà UPS kò yẹ̀.

Ẹ wo ibi tí ẹ wà nínú ìwọ̀nyí

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì, laptop. N kò tún ní wá àlàyé lọ.

Ẹni tó ń ya fọ́tò òde ìnáwó, tó ń tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀ kí àwọn àlejò tó jẹun tán, laptop náà ni. Bátìrì rẹ̀ gbọ́dọ̀ le, nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti fẹ́ jẹ gbogbo iná inverter tí ẹ gbé lọ.

Ẹni tó ń gé fídíò, tó ń ya àwòrán ilé, tàbí tó ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ orin, tí yàrá rẹ̀ kì í ṣí kiri, desktop ńlá ló yẹ ẹ́. Iye owó kan náà máa ń ra agbára tó pọ̀ jù nínú desktop. Inú rẹ̀ ní àyè, atẹ́gùn ń wọ ibẹ̀, kì í tètè gbóná débi tí yóò fi dín ìsáré rẹ̀ kù bíi laptop pẹlẹbẹ. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń gbé iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ lé) 8GB lónìí, kí ẹ fi 8GB kún un nígbà tí oníbàárà bá sanwó. Nínú ọ̀pọ̀ laptop tuntun, wọ́n ti jó RAM mọ́ ara pátákó rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́. Ohun tí ẹ bá rà lẹ ó lò títí.

Fún àwọn àgbàlagbà tó fẹ́ máa fi ojú rí ọmọ-ọmọ wọn ní London tàbí Houston, laptop ni kí ẹ rà fún wọn. Kámẹ́rà àti ohun tó ń gbé ohùn wà nínú rẹ̀. Desktop á ní kí ẹ lọ ra ìyẹn lọ́tọ̀, wáyà á sì di márùn-ún tí bàbá kò ní mọ èyí tó jáde.

Fún ọmọ tó ń palẹ̀mọ́ JAMB nílé, èyíkéyìí tó bá wà nílé náà ti tó. Láti 2015 ni gbogbo ìdánwò UTME ti di ti orí kọ̀ǹpútà. Ohun tí ọmọ nílò ni kí ọwọ́ rẹ̀ mọ mouse àti kíbọ́ọ̀dù kó má bàa máa wá lẹ́tà nígbà tí aago ń lọ. Desktop àtijọ́ kan ní pálọ̀, níbi tí gbogbo ilé ti ń rí ohun tó wà lójú rẹ̀, tún dára fún ọmọ kékeré ju laptop tó ń gbé wọ yàrá lọ.

Bí a ṣe yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jà

N kò ní kọ iye owó síbí. Láti June 2023 tí wọ́n ti fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀, iye tí mo bá kọ láàárọ̀ yìí lè ti yí padà kí ẹ tó kà á. Ẹ bi ẹni mẹ́ta kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kúrò nílé. Ìwọ̀nyí ni ẹ lè mú lọ́wọ́.

Èmi, màmá aláta àti ọmọ rẹ̀ jọ lọ sí Dùgbẹ̀ ni. Laptop àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún wa ń dán gbinrin. Mo ní kí ẹni tó ń tà á yọ ṣájà. Mo wo iye tó wà lójú bátìrì: 96 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ní kí ọmọ ṣí fíìmù kan síbẹ̀, a jókòó. Ọ̀gbẹ́ni náà ń wojú mi, ó ní, “Mọ́mì, kí lẹ̀ ń dúró dè?” Mo ní bátìrì ni. Kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, ó ti di 51. Mo wá ṣí ibi tí a ń pè ní Command Prompt, mo tẹ powercfg /batteryreport. Windows á ṣe ìwé kan fún yín, á sì sọ ibi tó fi pamọ́ sí. Ẹ ṣí i, ẹ wo ìlà méjì: Design Capacity, ìyẹn agbára tí bátìrì ní nígbà tó jáde ní ilé-iṣẹ́, àti Full Charge Capacity, ìyẹn èyí tó kù fún un. Ti laptop yẹn jẹ́ 48,000 sí 19,000. Kò tó ìdajì mọ́. Fún ọmọ tó máa ní iná wákàtí mẹ́rin lóòjọ́, ìyẹn kì í ṣe laptop, desktop tí kò ní tábìlì ni. A dá a padà fún un.

Ẹ̀kejì jẹ́ 45,000 sí 41,000. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìyókù rẹ̀ wò. A ṣí Notepad, ọmọ tẹ gbogbo lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn nọ́ńbà. A fi ojú funfun hàn lórí rẹ̀ láti wá àbàwọ́n. A ṣí i, a pa á dé, mo fi etí sí i bóyá ó ń dún níbi tó ti so. Mo ki flash bọ ihò kọ̀ọ̀kan. Mo tún ní kí wọ́n pa á kí wọ́n tan án, kí n wọ BIOS, ìyẹn ojú ètò tí a lè ṣí kí Windows tó jí: bó bá béèrè pásíwọ́ọ̀dù tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀, ẹ dìde. Ọ́fíìsì tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló tì í pa, ẹ lè má rí ẹni tí yóò ṣí i fún yín.

Ọpọlọ rẹ̀ ńkọ́? Nọ́ńbà tó tẹ̀lé i5 tàbí i7 ni kí ẹ wò. Nínú i5-8250U, 8 yẹn túmọ̀ sí ìran kẹjọ. Nínú i5-1035G1, 10 ni, ìran kẹwàá. Ẹ má wá sí ìsàlẹ̀ ìran kẹjọ bí owó bá ká a, nítorí pé ní October 14, 2025 ni Microsoft fòpin sí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tó ń ṣe fún Windows 10, Windows 11 kò sì gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ṣáájú ìran kẹjọ. Àwọn ọlọ́jà máa ń sọ pé “i7 ni o!” bí ẹni pé ọ̀rọ̀ parí. i7 ìran kẹta kò lè bá i5 ìran kẹjọ rìn. Lẹ́yìn náà, kí RAM má dín ní 8GB, kí ibi ìpamọ́ rẹ̀ jẹ́ SSD, irú tó yá ju hard disk àtijọ́ lọ. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń lọ́ra, kó kọ́kọ́ pààrọ̀ hard disk rẹ̀ sí SSD kó tó sọ pé òun fẹ́ ra tuntun. Mo ti rí èyí tó ń gba ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó jí, tó wá ń jí láàárín ogún ìṣẹ́jú àáyá.

Bí desktop tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ kọ́kọ́ yí i padà kí ẹ wo ẹ̀yìn power pack kí ẹnikẹ́ni tó ki wáyà bọ̀ ọ́. Àwọn kan ní bọ́tìnnì pupa kékeré tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Èyí tó ti Amẹ́ríkà dé lè wà ní 115, níbi tí iná wọn mọ. Bí ẹ bá tàn án sí iná tiwa bẹ́ẹ̀, á dún gbàù, èéfín á sì tẹ̀lé e. Ẹ yí i sí 230. Kí wọ́n ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún yín. Ẹ wo àwọn ohun róbótó kéékèèké tó dúró bí ìlù lórí pátákó rẹ̀. Orí wọn gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bó bá wú tàbí tó ń sun omi, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ tan án fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ gbọ́ bí fáànù ṣe ń ké. Ẹ sì rí i dájú pé ẹnu wáyà mọ́nítọ̀ àti ti desktop bára mu, kí ẹ má bàa délé kí HDMI máa wá VGA.

Rísíìtì tí orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti serial number ẹ̀rọ náà wà lórí rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹ ń tọrọ bí ojú rere. Ẹ gbà á kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín pátápátá. Bí ọlọ́pàá bá dá ọmọ yín dúró lójú ọ̀nà pẹ̀lú laptop nínú báàgì, ìwé yẹn ló máa bá a sọ̀rọ̀.

Nígbà tó bá délé

Laptop kì í mí lórí bẹ́ẹ̀dì. Ihò tó fi ń mí wà nísàlẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn, fóòmù á sì dí i. Pátákó pẹlẹbẹ kan tí káfíńtà bá gé fún yín ti tó. Bí ẹ bá ń lò ó lára iná ní gbogbo ìgbà, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń ní kó má gba ju 80 lọ nínú ètò rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ní i, á mú kí bátìrì pẹ́. Bí ẹ bá rí i pé ibi tí ẹ ń gbé ọwọ́ lé ti ń wú, tàbí kò tẹ́ sílẹ̀ mọ́, ẹ pa á, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ má fi nǹkan gún un, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n yọ. Bátìrì tó wú lè gbiná. Mo bẹ̀ yín nípa èyí.

Desktop kò gbọdọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Eruku ọyẹ́ láti November sí February á kún inú rẹ̀, aláǹgbá ilé á sì wọ ibẹ̀ nítorí ooru rẹ̀. Ọ̀kan ti kú sínú tèmi rí, ó sì bá pátákó náà kú. Ẹ gbé e sórí àpótí, ẹ máa ṣí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kí wọ́n fẹ́ eruku rẹ̀ dànù. Ní ti olè, desktop fi èyí ju laptop lọ, kò sẹ́ni tó lè ki í bọ abẹ́ aṣọ nínú ọkọ̀ akérò. Ọmọ họ́sítẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ ní àgádágodo fún àpótí aṣọ rẹ̀, kó sì ní flash tó ń da gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sí ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, èyí tí kò ní wà nínú báàgì kan náà pẹ̀lú laptop.

Nígbà tí a kúrò ní Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ₦6,500 ló ṣẹ́kù nínú ọ̀rá màmá. A fi ra àgádágodo àti flash. Nínú ọkọ̀, ó yọ ìwé tí ó ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀ sí, ó ní kí ọmọ yí laptop náà padà, kó kọ serial number rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé yẹn. Ọmọ kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, màmá ń fi ìka tẹ̀lé e lórí ìwé, nọ́ńbà kan tẹ̀lé òmíràn, títí wọ́n fi kọ ọ́ tán.